Orí Kẹrin: Kíkó Owó Jọ ní Egan fún Ìwádìí Àrùn Jẹjẹrẹ Ọmọdé

Kíkó owó jọ fún ìwádìí yàtọ̀ sí kíkó owó jọ fún ìtọ́jú aláìsàn kan, ìyàtọ̀ yìí sì ni ohun tí olùyọ̀ǹda ara-ẹni, ìyẹn ẹni tí ó fi àkókò àti agbára rẹ̀ ṣiṣẹ́ láìgba owó, gbọ́dọ̀ mọ̀ dájú kí ó tó gbé kóló ka iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni ní Egan, ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Bí ọmọ kan bá dùbúlẹ̀ àìsàn ní òpópónà kan láàárín Ìgándò sí Àkẹ̀sán, tí agbára àwọn òbí rẹ̀ kò sì ká owó oògùn, kì í pẹ́ tí àwọn ará àdúgbò, ìjọ àti mọ́sálásí fi ń dá owó fún wọn, nítorí pé wọ́n mọ ọmọ náà, wọ́n sì mọ ìyá tí ó bí i. Ìwádìí kò ní ojú tí a lè wò kí àánú ṣe ni, ọmọ tí yóò sì jàǹfààní rẹ̀ lè má tíì dáyé. Nítorí náà, ohun méjì ni a ń béèrè lọ́wọ́ olùyọ̀ǹda: kí ó lè ṣàlàyé ohun tí ìwádìí jẹ́ ní èdè tí aláta nínú ọjà yóò fi gbọ́ ọ yé, kí ó sì lè tọ́jú owó tí wọ́n fà lé e lọ́wọ́ lọ́nà tí ó fi jẹ́ pé ìgbàkígbà tí wọ́n bá bi í, ìdáhùn wà nílẹ̀.

Ohun tí owó náà wà fún

Jẹjẹrẹ ni orúkọ àpapọ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ àìsàn nínú èyí tí àwọn sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí tí a fi mọ ara ènìyàn, ń pọ̀ sí i láìní ìjánu, tí wọ́n sì ń ya wọ ibi tí kì í ṣe tiwọn nínú ara. Ti ọmọdé kò rí bíi ti àgbàlagbà, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀, kò sí ohun tí òbí ṣe tàbí oúnjẹ tí ọmọ jẹ tí a lè tọ́ka sí pé òun ni ó fà á. Ó yẹ kí olùyọ̀ǹda máa tẹnu mọ́ èyí níbi gbogbo, nítorí pé àwọn ìyá máa ń dá ara wọn lẹ́bi, àwọn ẹlòmíràn a sì máa bá wọn dá a. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 400,000 ọmọ, láti orí ìkókó dé ọ̀dọ́ ọmọ ọdún 19, ni jẹjẹrẹ ń mú lọ́dọọdún ní àgbáyé. Ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, ó lé ní 80 nínú 100 àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ tí ń rí ìwòsàn, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ tó, wọn kò tó 30 nínú 100. Ní 2018, àjọ yìí gbé ètò kan kalẹ̀ pé nígbà tí ó bá máa fi di 2030, ó kéré tán 60 nínú 100 àwọn ọmọ tí jẹjẹrẹ mú ní gbogbo ayé ni yóò máa yè é. Oríṣi mẹ́fà ni wọ́n sì mú ṣíwájú: jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tí ó máa ń mú ọmọdé jù, jẹjẹrẹ Burkitt, jẹjẹrẹ Hodgkin, jẹjẹrẹ inú ojú tí wọ́n ń pè ní retinoblastoma, jẹjẹrẹ kíndìnrín tí wọ́n ń pè ní Wilms, àti irú kókó inú ọpọlọ tí kì í yára dàgbà.

Ẹni tí ó bá gbọ́ iye wọ̀nyí yóò béèrè pé bí oògùn bá ti wà ní òkèèrè, kí ni a tún ń wádìí ní Èkó. Ìbéèrè náà tọ́, olùyọ̀ǹda tí kò bá sì lè dáhùn rẹ̀ kò tíì múra tán. Àwọn oògùn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n díwọ̀n èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sí ara àwọn ọmọ tí wọ́n tètè gbé dé ilé ìwòsàn, tí oúnjẹ ara wọn pé, tí ẹ̀jẹ̀ tí a lè fà sí wọn lára sì wà nítòsí. Ọmọ tí ó dé ilé ìwòsàn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti ń fi oògùn ibà wò ó, tí ó sì ti rù hangogo, lè má lè gba ìwọ̀n oògùn kan náà. Ta ni yóò sọ ìwọ̀n tí ara rẹ̀ lè gbà? Kí ni ó dé tí àwọn òbí kan fi ń kó ọmọ wọn kúrò ní ìdajì ìtọ́jú, èyí tí àwọn dókítà kà sí ọ̀kan pàtàkì lára ohun tí ń pa àwọn ọmọ wọ̀nyí ní Áfíríkà? Láti ọjọ́ tí ìyá ti kọ́kọ́ rí wíwú títí di ọjọ́ tí wọ́n sọ orúkọ àrùn náà fún un, níbo ni ọjọ́ ti sọnù? Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kò lè rí ìdáhùn láti Boston tàbí London, àárín àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín ni a ti lè dáhùn wọn.

Àpẹẹrẹ tí ó dára jù lọ tí olùyọ̀ǹda lè mú lọ síbi ìpàdé ni ti Denis Burkitt, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe jẹjẹrẹ Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Ireland tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Mulago ní Kampala, ní orílẹ̀-èdè Uganda. Ní 1957 ni ó rí ọmọ kan tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú lókè àti nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì, nígbà tí ó sì tún rí òmíràn tí ó rí bákan náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìwé àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn, ó sì gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1958. Kò ní yàrá àyẹ̀wò olówó ńlá. Ohun tí ó ṣe ni pé ó tẹ ìwé pélébé tí àwòrán wà lára rẹ̀, ó fi í ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìwòsàn káàkiri Áfíríkà láti béèrè bóyá wọ́n ti rí irú wíwú bẹ́ẹ̀ rí, nígbà tí ó sì di 1961, òun àti àwọn dókítà méjì, Ted Williams àti Cliff Nelson, wọ ọkọ̀ àlòkù kan, wọ́n rin nǹkan bí 10,000 máìlì láti ilé ìwòsàn kan sí èkejì. Owó gbogbo ìrìn-àjò náà kò tó £1,000. Àwòrán ilẹ̀ tí ó ti ibẹ̀ jáde fi hàn pé ibi tí ooru àti òjò ti pọ̀, tí ibà sì ti ń jà, ni àrùn náà fìdí kalẹ̀ sí. Anthony Epstein gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Burkitt ní London ní 1961, ó sì ní kí wọ́n máa fi ẹran ara tí wọ́n gé lára kókó náà ránṣẹ́ sí òun. Ní 1964 òun, Bert Achong àti Yvonne Barr rí fáírọ́ọ̀sì kan nínú rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ tí a so pọ̀ mọ́ jẹjẹrẹ ènìyàn. Ìwé pélébé, owó epo ọkọ̀ àti sùúrù ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìdí sì nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni ní Egan rò pé owó tí òun lè dá kéré jù fún ìwádìí.

Nílẹ̀ Yorùbá níhìn-ín, Ìbàdàn ni irú iṣẹ́ yìí ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1960 ní ilé ìwòsàn UCH wà lára àwọn tí ó pẹ́ jù lọ ní Áfíríkà, ipasẹ̀ rẹ̀ ni a sì fi mọ̀ pé jẹjẹrẹ Burkitt ni ó pọ̀ jù lára àwọn ọmọdé tí wọ́n ń gbé wá síbẹ̀ ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìwádìí fúnra rẹ̀, nítorí pé ohun tí a kò kà, a kò lè mọ̀ bóyá ó ń dín kù. Oògùn tí ń jẹ́ vincristine náà tún wà, èyí tí wọ́n ń lò fún jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, Burkitt àti Wilms. Ara òdòdó kan tí a mọ̀ mọ́ ilẹ̀ Madagascar, tí àwọn ènìyàn ń gbìn ṣe ọ̀ṣọ́ iwájú ilé ní Èkó, ni wọ́n ti yọ ọ́, ó sì gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 1963. Bí olùyọ̀ǹda bá sọ èyí fún ènìyàn, kí ó fi kún un lójú ẹsẹ̀ pé májèlé wà nínú òdòdó náà, pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe sè é fún ọmọ mu, nítorí pé ìwọ̀n díẹ̀ báyìí tí wọ́n yọ jáde pẹ̀lú ìṣọ́ra ni ó ń ṣe ìwòsàn.

Ohun tí owó kékeré lè rà nínú ìwádìí yẹ kí ó yé àwọn tí yóò dá a. Nínú fáìlì ọmọ kan tí ó parí ìtọ́jú, ó lè jẹ́ pé nọ́ńbà fóònù kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀, bí wọ́n bá sì pè é, wọ́n á ní kò sí mọ́, nítorí pé ìyá ọmọ náà ti pààrọ̀ síìmù tàbí ó ti kó kúrò nílé tí ó ń gbé. Dókítà kò wá lè sọ bóyá ọmọ náà ti sàn ni àbí ó ti kú, gbogbo ohun tí ìtọ́jú rẹ̀ ìbá kọ́ àwọn ẹlòmíràn sì ti ṣòfò. Owó tí yóò gba akọ̀wé kan tí yóò máa kọ nọ́ńbà mẹ́ta sílẹ̀ fún ìdílé kọ̀ọ̀kan, tí yóò máa pè wọ́n lóṣooṣù, tí yóò sì wọ ọkọ̀ lọ wá àwọn tí kò gbé fóònù, kì í ṣe owó tí ó kọjá agbára àdúgbò. Bẹ́ẹ̀ ni owó ọkọ̀ òbí láti Egan gba Ìkòtún àti Ìsọlọ̀ títí dé Ìdí-Àràbà lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ kí ọmọ padà wá fún àyẹ̀wò, tàbí owó kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò ẹran ara.

Ẹni tí a ó kó owó náà fún

Kò pọn dandan kí àwọn olùyọ̀ǹda Egan dá àjọ tiwọn sílẹ̀, ìmọ̀ràn ìwé yìí sì ni pé kí wọ́n má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Lábẹ́ òfin ilé-iṣẹ́ ti 2020, tí wọ́n ń pè ní CAMA, àjọ aláàánú sábà máa ń ní àwọn alágbàtọ́ tí orúkọ wọn wà lọ́dọ̀ CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tí ń forúkọ àwọn àjọ sílẹ̀ ní Àbújá, ó sì tún gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SCUML, ẹ̀ka tí ń ṣọ́ owó kí wọ́n má baà fi owó ìwà ọ̀daràn pamọ́ sínú rẹ̀. Iṣẹ́ ọdún púpọ̀ ni kí irú àjọ bẹ́ẹ̀ tó dúró dáadáa. Ó sàn kí ẹgbẹ́ àdúgbò so ara rẹ̀ mọ́ èyí tí ó ti wà. Ní Èkó, Children Living With Cancer Foundation tí Dókítà Nneka Nwobbi dá sílẹ̀ àti The Dorcas Cancer Foundation tí Dókítà Adedayo Joseph dá sílẹ̀ wà lára àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lórí jẹjẹrẹ ọmọdé. Ilé ìwòsàn ńlá LUTH ní Ìdí-Àràbà, níbi tí ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2019, àti LASUTH ní Ìkẹjà, náà jẹ́ ibi tí ìtọ́jú àti ìwádìí ti ń pàdé.

Orúkọ nìkan kò tó. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó àwọn àjọ aláàánú ń lọ sí oògùn àti ìrànwọ́ fún ìdílé, ohun rere ni èyí, ṣùgbọ́n bí a bá sọ fún àwọn ènìyàn pé ìwádìí ni a ń kó owó fún, a gbọ́dọ̀ gba ìwé lọ́wọ́ àjọ náà tí ó sọ pé ọ̀tọ̀ ni wọn yóò ya owó yìí sí. Kí olùyọ̀ǹda béèrè orúkọ iṣẹ́ ìwádìí náà, ẹni tí ó ń darí rẹ̀, àti bóyá ìgbìmọ̀ tí ń wo ẹ̀tọ́ àwọn tí a ń ṣe ìwádìí lé lórí ti fọwọ́ sí i. Gbogbo ilé ìwòsàn ńlá tí ń ṣe ìwádìí ni ó ní irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti rí i dájú pé wọn kò fi ọmọ ẹnikẹ́ni dán nǹkan wò láìgba àṣẹ òbí. Bí owó bá ń lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tààrà, inú àpò ilé ìwòsàn náà ni a ó san án sí, a ó sì gba rìsíìtì. A kì í san owó ìwádìí sínú àkáǹtì dókítà, bí ó ti wù kí dókítà náà jẹ́ ènìyàn rere tó, nítorí pé òun pàápàá ni a ń dáàbò bò.

Àwọn ọmọ Egan tí ó wà ní Peckham tàbí Houston lè fẹ́ dá tiwọn. Kí a rán wọn létí pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ń fi 25p lé orí £1 kọ̀ọ̀kan tí ẹni tí ń san owó orí bá fi tọrẹ, ṣùgbọ́n àjọ tí ó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ nìkan ni ó ń rí i gbà. Fún ìdí yìí, ó lè ṣe wọ́n láǹfààní kí wọ́n gba ọwọ́ àjọ kan ní ọ̀hún.

Ìkówójọ náà gan-an

Ohun tí ó ń jẹ owó jù nínú ìkówójọ ní Èkó ni ayẹyẹ. Bí ẹgbẹ́ kan bá háyà gbọ̀ngàn, kánópì, onílù àti oúnjẹ ní ₦300,000, tí wọ́n sì kó ₦350,000 jọ ní ọjọ́ náà, gbogbo làálàá yẹn kò ju ₦50,000 lọ, àwọn tí ó wá yóò sì máa rò pé àwọn ti fún ìwádìí ní owó ńlá. Ogójì ilé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dá ₦2,000 ní ìpàdé àwọn onílé ti mú ₦80,000 wá láìsí ìnáwó kankan. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí olùyọ̀ǹda máa so ìkówójọ mọ́ ohun tí àwọn ènìyàn ti ń ṣe tẹ́lẹ̀: ìpàdé àwọn onílé, ìdúpẹ́ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, tàbí ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún ẹni tí ó bá gbà láti kọ ọ́ sínú ìwé ìpè rẹ̀ pé kí wọ́n fi owó ẹ̀bùn òun ṣe ìwádìí. Ní mọ́sálásí, sàárà ni kí a bá wọn sọ. Sàká ní àwọn tí ẹ̀sìn ti là á sílẹ̀ pé ó tọ́ sí, kí olùyọ̀ǹda má sì dá ìtumọ̀ sí i, lẹ́mọ́ọ̀mù ni kí ó fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀. Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n yà sọ́tọ̀ kárí ayé fún jẹjẹrẹ ọmọdé, ọjọ́ 15 oṣù kejì sì ni ọjọ́ àgbáyé tirẹ̀. Nínú oṣù kejì kan náà ni wọ́n máa ń sá eré ọlọ́nà jíjìn ti ìlú Èkó, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n bá ń sá a sì lè wá àwọn tí yóò dá owó lé wọn lórí.

Ní Amẹ́ríkà, ní 2000, ọmọ ọdún mẹ́rin kan tí ń jẹ́ Alexandra Scott, tí jẹjẹrẹ mú, ta omi ọsàn wẹ́wẹ́ níwájú ilé wọn láti fi ran àwọn dókítà lọ́wọ́. Kí ó tó kú ní 2004, owó tí òun àti àwọn tí ó fara wé e kó jọ ti lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là, nítorí pé ohun tí ó ṣe rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni fi lè ṣe irú rẹ̀ níwájú ilé tirẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Egan lè ta sóbò àti kúnú ní ọjọ́ eré ìdárayá, pẹ̀lú olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ. Inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ni kí ó parí sí, kì í ṣe ojú títì LASU sí Ìṣẹ́rì, nítorí pé òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti 2007, kò fẹ́ kí ọmọ máa kiri ọjà.

Ní ti ọ̀rọ̀ ẹnu, kí ó ṣe kedere, kí ó sì kúrú. Gbájúẹ̀ ti ba ojú àánú jẹ́ nínú àwọn dánfó Èkó, níbi tí àwọn kan ti ń gbé àwòrán ọmọ tí kì í ṣe tiwọn kiri. Ẹni tí ó bá wọ ọjà Ìgándò lè sọ pé: “Ẹ kú ọjà o, Màmá. Ọjà á tà o. Ẹgbẹ́ àdúgbò Egan ló rán wa wá. Kì í ṣe ọmọ kan la ń tọrọ owó fún o, ìwádìí lórí jẹjẹrẹ tó ń mú àwọn ọmọdé ni, kí àwọn dókítà lè mọ bí wọ́n á ṣe máa tètè dá a mọ̀. Orúkọ àjọ tó ń gba owó náà rèé, nọ́ńbà wọn rèé, ẹ lè pè wọ́n kí ẹ tó fún wa ní nǹkankan.” Gbólóhùn tí ó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí tí ó ṣíwájú lọ, kí olùyọ̀ǹda sì dúró kí wọ́n pè lóòótọ́ bí wọ́n bá fẹ́ pè.

Kóló gbọ́dọ̀ ní àgádágodo méjì, kí kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ akápò, kí èkejì wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣí i, iwájú ẹni tí ó ni ṣọ́ọ̀bù ni wọn yóò ti dà á sórí tábìlì. Wọn yóò na àwọn ₦50 àti ₦100 tí ó ti ká jọ, wọn yóò tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ ní oríṣi-oríṣi, akápò yóò kà, akọ̀wé yóò tún un kà, bí iye méjèèjì kò bá sì dọ́gba, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò kọ ọjọ́, ibi àti iye náà sínú ìwé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò fọwọ́ sí i, owó náà yóò sì dé báńkì ní ọjọ́ iṣẹ́ tí ó tẹ̀ lé e. Ẹnikẹ́ni kì í mú ṣẹ́ńjì nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í yọ owó kẹ̀kẹ́ Márúwá nínú rẹ̀ pẹ̀lú èrò pé òun yóò dá a padà. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ san owó ọkọ̀ fún àwọn olùyọ̀ǹda, kí wọ́n dá owó yẹn lọ́tọ̀ láàárín ara wọn, tàbí kí wọ́n sọ ọ́ fún àwọn tí ń dá owó láti ìbẹ̀rẹ̀. Fún àwọn tí yóò fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù, orúkọ àjọ náà gan-an ni kí ó jáde bí wọ́n bá tẹ nọ́ńbà àkáǹtì. Kí olùyọ̀ǹda sì máa lọ wo ìwé tí ó lẹ̀ mọ́ ògiri lóòrèkóòrè, kí ẹlòmíràn má baà ti lẹ nọ́ńbà tirẹ̀ bò ó.

Àwọn ọmọ fúnra wọn

Kò sí ohun tí ó ń yára mú owó wá bí àwòrán ọmọ tí orí rẹ̀ ti pá nítorí oògùn, kò sì sí ohun tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún tó o. Ọmọ náà yóò dàgbà, yóò wọ ilé ìwé, yóò fẹ́ fẹ́ aya tàbí fẹ́ ọkọ, àwòrán náà yóò sì máa tẹ̀ lé e. Òfin ààbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà, ti 2023, ka ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn sí ohun tí a gbọ́dọ̀ dáàbò bò gidigidi. Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé ìwádìí ni a ń kó owó fún, a kò nílò àwòrán ọmọ kankan, àǹfààní ńlá sì ni èyí jẹ́ fún olùyọ̀ǹda.

Bí iṣẹ́ yìí bá ṣe ń di mímọ̀, àwọn òbí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmọ wọn wá bá olùyọ̀ǹda. Olùyọ̀ǹda kì í ṣe dókítà, kò sì gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé jẹjẹrẹ ni tàbí pé kì í ṣe òun. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó mọ àmì tí kì í dúró de ọ̀la: ẹyinjú tí ó ń tàn funfun bí ti ológbò nígbà tí iná bá mọ́lẹ̀ sí i, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí ikùn tí ó ń wú, ibà tí kò lọ pẹ̀lú ara tí ó funfun àti ẹ̀jẹ̀ tí ń ya láìsí ọgbẹ́, egungun tí ń ro ọmọ lóru títí kò fi lè sùn. Kí ó ní kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba Alímọ̀ṣọ́ ní Ìgándò lọ́jọ́ náà gan-an, níbi tí wọ́n ti lè kọ ìwé fún wọn lọ sí LASUTH tàbí LUTH. Ìyá tí ó bá ti ń fún ọmọ ní àgbo tàbí tí ó ti gbé e lọ síbi àdúrà kò yẹ ní ẹni tí a ń bú. Kí a ní kí ó sọ ohun tí ó ti lò fún dókítà, kí ó má sì fi àdúrà rẹ̀ sílẹ̀.

Ìròyìn fún àwọn tí ó dá owó

Láàárín oṣù kan tí ìkówójọ bá parí, kí akápò ka iye tí ó wọlé, iye tí ó jáde àti nọ́ńbà rìsíìtì jáde ní ìpàdé àwọn onílé, kí ó sì lẹ ẹ̀dà kan mọ́ ibi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i. Ẹni tí yóò yẹ ìwé owó náà wò kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí ó kó o jọ. Ìròyìn kejì ni ti ìwádìí fúnra rẹ̀, èyí tí ó lè gba ọdún kan tàbí méjì, nítorí náà kí ẹgbẹ́ bá àwọn olùwádìí ṣe àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé wọn yóò kọ ojú ìwé kan ránṣẹ́ ní Yorùbá tí kò lọ́jú pọ̀. Ó lè ṣẹlẹ̀ pé ohun tí ìwádìí náà rí ni pé ọ̀nà tí wọ́n dán wò kò dín iye àwọn tí ń fi ìtọ́jú sílẹ̀ kù, tàbí pé ìwọ̀n oògùn tuntun kò sàn ju ti àtijọ́ lọ. Kí wọ́n ka èyí náà jáde bí ó ti rí láìfi iyọ̀ sí i, kí wọ́n sì ṣàlàyé fún ìpàdé pé nítorí rẹ̀, ọmọ tí ó bá tún dé ilé ìwòsàn kò ní gba ìtọ́jú tí kò wúlò. Bí akápò tuntun bá gorí àga, kí àwọn ìwé owó, kọ́kọ́rọ́ àti ìwé àdéhùn bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí méjì, kí báńkì sì ti yí orúkọ àwọn tí ń fọwọ́ sí ìwé gba owó padà kí kóló àkọ́kọ́ ti ọdún náà tó jáde.